Nsima Lójú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Bírò wà lọ́wọ́ Tiyanjane, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Òórùn nsima ló ń gbọ́, ọkà àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, bẹ́ẹ̀ kò sí abọ́ oúnjẹ kankan nínú ọ́fíìsì náà. Tábìlì ọ̀gá ló wà níbẹ̀, àti àga mẹ́ta, àti àpótí irin tí ìjọba ìbílẹ̀ Nkhulande ń kó owó ọjà sí. Àpótí náà lóṣòó sí kọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tó mọ ohun tí kò fẹ́ sọ.

"Fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí, ọmọ mi," ni Ọ̀gá Malunga, olórí ẹ̀ka ìṣúná, wí. "Ìwé ojú kọ́kọ́rọ́ wà bó ṣe wà. Gbogbo wa la kúkú ń wò ó. Tí o bá ti fọwọ́ sí i, màmá á tẹ̀ka, a ó ṣí àpótí, ìwọ á sì jókòó sórí àga ẹ."

Màmá tí wọ́n ń sọ ni opó Sakwata, akọ̀wé owó tó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sí etí àga, aṣọ dúdú lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi yíǹkì kun àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí ó má baà ta sí chitenje tó ró.

Ní Nkhulande, bí akọ̀wé owó bá kú, kí òkú rẹ̀ tó kúrò nílé ni wọ́n á ti lẹ ìwé bo ojú ihò kọ́kọ́rọ́ àpótí, baálẹ̀ á sì tẹ̀ka sí ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi rí akọ̀wé owó mìíràn. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá dé, òun àti ará ilé olóògbé á jọ wo ìwé náà, wọ́n á jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó ṣí i, wọ́n á wá ṣí àpótí. Ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ọrùn olóògbé ló wà. Bí ó bá dín, inú owó ìkẹyìn iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́, opó á sì fọwọ́ lérán. Ìyẹn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kà sí Tiyanjane létí láàárọ̀ ọjọ́ náà: kí ó máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kí ó máa kó o lọ sí báńkì, kí ó sì gba àpótí lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un fún iṣẹ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ní. Àwọn tó ti yunifásítì dé wà lára àwọn tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì dá gbogbo wọn padà. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè kan nípa ìṣirò. Ọ̀gá Malunga kàn béèrè bóyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, bóyá ó ní èèyàn ní olú-ìlú, ní Lilongwe, àti àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́. Ó sọ fún un pé bàbá òun ti kú, òun ò ní ẹnikẹ́ni, ìyá òun sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀gá náà ṣàánú rẹ̀ débi pé ó yọ áńkáṣíìfù. Tiyanjane sunkún ayọ̀ délé lọ́jọ́ náà.

Òórùn nsima yẹn kò kúrò ní imú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ nsima tí a fi lẹ ìwé. Òun ni ìyá rẹ̀ fi ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri nígbà tí Tiyanjane wà lọ́mọdé. Bí òjò bá ti ń rọ̀, aáyán á jẹ nsima, wọ́n á jẹ ìwé mọ́ ọn, àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ràn jù á sì kù ní ìrù nìkan. Odindi àkókò òjò ti kọjá lórí ìwé ojú kọ́kọ́rọ́ yìí. Ìwé fúnra rẹ̀ ti pọ́n, ìka baálẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ti ń ṣá. Àmọ́ etí rẹ̀ pé pérépéré, aáyán kò fẹnu kàn án.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọmọńdinrín kan etí ìwé náà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Nsima yìí ṣì tutù, sà."

Ọ̀gá Malunga rẹ́rìn-ín. "Òjò ni. Gbogbo nǹkan ló ń tutù lásìkò òjò."

"Òjò ti dá láti oṣù tó kọjá, sà."

Ọ̀gá náà kò bínú. Ohùn rẹ̀ tún wá rọlẹ̀ sí i ni, bí ìgbà tó yọ áńkáṣíìfù. "Ta ni yóò ra oògùn màmá ẹ lóṣù tó ń bọ̀? Mo kàn ń béèrè ni o."

Tiyanjane wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó rò ó bí yóò ṣe máa gba ojú ọjà lọ sílé pẹ̀lú ike oògùn nínú báàgì, tí ìyá rẹ̀ yóò máa jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn ìyá náà. Ó wá gbójú sókè, ó rí àtàǹpàkò opó. Yíǹkì ara rẹ̀ ti ń gbẹ. Obìnrin náà ń wò ó.

"Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́," ló wí, ó sì gbé bírò kalẹ̀.

Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, pé àwọn yóò kọ̀wé sí i. Ó gba ọ́fíìsì alákòóso àgbà lọ, ó rojọ́. Ìgbà tí wọn yóò fi rán ẹnìkan wá wo àpótí, kò sí ìwé lójú ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́, àwọn ará ọ́fíìsì ti fi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, ó ń dán. Ìwé tí wọ́n kọ sí i dé lẹ́yìn náà, ìlà méjì péré: wọ́n ti yẹ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wò, kò tó fún iṣẹ́ náà.

Nígbà tó lọ dá báàjì wọn padà, ó bá opó Sakwata lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì. Wọ́n ti sọ fún un pé kò sí owó ìkẹyìn títí akọ̀wé owó mìíràn yóò fi dé, tí òun náà yóò sì tẹ̀ka. Wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé. Ó sún, Tiyanjane jókòó. Lára ògiri tó kọjú sí wọn, ìwé tí wọ́n fi ń wá akọ̀wé owó tuntun kò tíì pẹ́ níbẹ̀, aáyán sì ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n bi ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ẹ́?" ni opó béèrè.

Tiyanjane sọ fún un.

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ohun tí wọ́n bi ọkọ mi, Bàbá Limbani, náà nìyẹn. Ó dé, ó ní àwọn ará ibẹ̀ láàánú gan-an. Mo se adìyẹ lálẹ́ ọjọ́ náà."

Ohùn ń bọ̀ láti ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ tóbi jù ú lọ ti wọlé kí Tiyanjane tó dé, Ọ̀gá Malunga sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Háà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O wá ní ẹnikẹ́ni ní Lilongwe?"

Opó Sakwata ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi chitenje bo ọwọ́ náà.