Awọ Tó Wà Lára Èèkù Ìbọn

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ọdún 2024, ìbọn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Lùbnà Bákàrè kọ̀, kò dún. Ó dúró ní pápá ìyìnbọn ilé-iṣẹ́ wọn lẹ́yìn ìlú Kumasi, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fa trígà. Trígà le bí òkúta. Ó tún un fà. Ìka rẹ̀ pọ́n, irin kò mira.

"Gbé e wá," ni ọ̀gá wọn, Kojo, wí ní Twi.

Kojo ti ṣe sójà rí, òun ló ń kọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní ìbọn yíyìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó gba ìbọn ìléwọ́ náà, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ọta méjèèjì wọ àárín pátákó. Ó dá a padà fún Lùbnà.

"Kò sí ohun tó ṣe ìbọn. Tún gbìyànjú."

Lọ́tẹ̀ yìí ìbọn dún, ṣùgbọ́n ọta gba apá òsì lọ, kò tilẹ̀ kan pátákó. Èkejì náà gba òsì. Ẹ̀kẹta kò dún rárá.

Waheed, tí òun àti Lùbnà jọ ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń kó wúrà, kò lè pa ẹnu mọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò tíì pẹ́ tó ti Nàìjíríà dé.

"Lùbnà, tírà Bàbá ẹ yìí ti ya aláṣejù. Wọ́n ní kó dá ìbọn olè dúró, ó ní òun á kọ́kọ́ fi tilé kọ́ṣẹ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lùbnà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò wọ́n. Èèkù ìbọn ni ó ń wò. Awọ pupa kan ni ó bò ó yíká, ìránṣọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì dọ́gba bí eyín ọmọdé. Yúnúsà Bákàrè bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ará Ọ̀yọ́, oníṣẹ́ awọ, ni ó rán an fún un nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ìbọn, ṣáájú tuntun yìí. Ìpele méjì ni awọ náà. Ìwé àdúrà tí bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó wà láàárín.

"Lùbnà," ni Kojo wí, "ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí tó lọ kírun, màá tún dán ọ wò. Bí ó bá rí báyìí, géètì ni màá dá ọ padà sí."

Ó wo awọ náà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan sí i, ó sì yíjú kúrò.

Lùbnà mọ géètì. Òun ni obìnrin kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ wúrà, kò sì gbàgbé ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó rántí òjò ọdún 2019 tó kún inú bàtà rẹ̀ tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ó rántí akọ̀wé kan tó ń rán an lọ ra wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lójoojúmọ́, tí kò mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀. Kò sunkún nígbà náà, kò sì ní í sunkún nísinsìnyí. Ó ti pinnu kí ó tó wọ ọkọ̀ trotro lọ sílé pé òun kò padà sí géètì kankan.

Nílé wọn ní Krofrom, Àpínkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Òun ló tọ́ Lùbnà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Àǹtí, ẹ kú ilé."

"Akwaaba. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

"Ìbọn mi kọ̀, kò dún."

Àpínkẹ́ dá ọwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àlùhámúdùlílà. Gbogbo Ramadan ni Yúnúsà fi ka àdúrà sórí ìwé yẹn pé ìbọn kankan kò ní dún tì ọ́. Ọlọ́hun gbà á."

"Àǹtí, èmi fúnra mi ni mo di ìbọn mú."

"Ṣé tírà lójú ni? Ṣé ó mọ ẹni tó di èèkù mú?"

"Ó yẹ kó mọ̀ mí. Bàbá mi ló rán an."

"Lọ bá Álífà Àbúdù, kí ó ka nǹkan sí i pé kí ó yọ tìrẹ sílẹ̀."

"Kí Álífà wá máa bá awọ sọ̀rọ̀?"

"Má pe tírà bàbá rẹ ní awọ nínú ilé yìí, woate? Ṣé o gbọ́?" Ó da òkúta ẹ̀wà nù. "Lọ́jọ́ tí àwọn olè dá yín lọ́nà Obuasi ńkọ́? Ìbọn wo ló dún?"

Lùbnà jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Olè kan na ìbọn sí i láti ojú fèrèsé, ó fà á, ìbọn náà ta kẹ́, kò dún, olè sá wọ igbó. Etí Lùbnà ló gbọ́ kẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lórí tírà, òun náà kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó gba àyè lọ́wọ́ Kojo, ó jókòó nínú yàrá ìbọn lábẹ́ fèrèsé. Waheed wà níbẹ̀, ó ń nu tirẹ̀. Lùbnà yọ ọta inú ìbọn rẹ̀ kúrò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí Waheed náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọjú rẹ̀ sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ahọ́n irin kékeré kan wà láàárín trígà ìbọn tuntun náà, ó yọ síta díẹ̀. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ìbọn má baà ṣèèṣì dún. Bí ìka kò bá tẹ ahọ́n náà pọ̀ mọ́ trígà, trígà kò ní rìn. Ìka Lùbnà kúrú. Orí ìka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí trígà lápá ọ̀tún ni, kò dé orí ahọ́n. Nígbà tó bá fi agídí nà án débẹ̀, kì í fa trígà wá sẹ́yìn mọ́, ṣe ló ń ti gbogbo ìbọn sí òsì.

"Waheed, yá mi ní tìrẹ."

"Ìbọn tèmi? Òun kò ní Álífà o."

"Yọ ọta inú ẹ̀ kí o tó gbé e wá."

Ìbọn kan náà ni, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ ṣófo. Àtẹ́lẹwọ́ Lùbnà gbà á yíká, ìka rẹ̀ sì lọ jókòó sáàárín trígà gan-an. Ó fà á. Kẹ́. Ó tún un ṣe, trígà rìn geere. Ó mú tirẹ̀ padà, ó fà á. Òkúta.

"Awọ ni," ó wí.

"Tírà?"

"Awọ ni mo sọ. N kò mẹ́nu kan àdúrà. Ìbọn àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní èèkù, trígà rẹ̀ sì jẹ́ irin kan ṣoṣo tó fẹ̀. Bàbá mi wọn èèkù yẹn mọ́ ọwọ́ mi, ó rán awọ tó kún un. Ó tọ̀nà. Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ó sanra, torí ìlà méjì ni ọta tò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tún wá fi awọ lé e, mo sọ ọ́ di ti ọwọ́ ńlá bíi ti Kojo."

Waheed mi orí. "Bọ́ ọ kúrò, kí o máa gbé e sápò. Tírà inú àpò náà ń jẹ́."

"Kò ṣeé bọ́. Mo rẹ ẹ́ sómi kí ó lè fẹ̀ tó èèkù yìí, ó sì gbẹ mọ́ ọn. Ṣe ni èèyàn máa gé e."

"Ìwé inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Omi yẹn náà ló wọ̀ ọ́."

Waheed ju aṣọ ìnubọn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá gé tírà bàbá ẹ̀, Lùbnà, èmi ò mọ̀ o. Ọ̀nà Obuasi ṣì wà níbẹ̀."

"Ọ̀nà Obuasi wà níbẹ̀. Bí olè bá tún dé, tí tiwọn bá kọ̀, tí tèmi náà kọ̀, ṣé ká wá máa wo ara wa níran ni?"

Ó na ọwọ́ fún bíléèdì. Waheed fún un, ó sì kọjú sí ògiri. "Èmi ò rí nǹkan kan o."

Lùbnà ṣe Bísímílà. Ó rántí bí ìka bàbá rẹ̀ ṣe wú nígbà tó ń rán an, tí àìsàn ti mú un, tó fi ń fi eyín fa òwú. Kò tíì kú nígbà tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Race Course, tó jó gàárì, bàtà, àpò, àti gbogbo irinṣẹ́. Ó fi bíléèdì sí ojú ìránṣọ, ó fà á. Awọ náà ya kúrò ní èérún-èérún. Ìwé inú rẹ̀ ti rà, tàdáwà ti dà pọ̀, ó lẹ̀ mọ́ awọ. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìbọn Lùbnà dún gbogbo ìgbà tó fà á. Gbogbo ọta rẹ̀ wọ pátákó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àárín. Kojo gba ìbọn náà, ó fi àtàǹpàkò pa èèkù tó ṣófo.

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti rí i pé òun ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí bàbá ẹni gbàdúrà sí, ẹlòmíì kì í sọ pé kí a yọ ọ́. Èmi náà ní èyí tí ìyá ìyá mi so mọ́ mi nídìí. Kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀." Ó dá ìbọn padà. "Mọ́ńdè, ọkọ̀ wúrà."

Nílé, Lùbnà tú gèlè kékeré kan sílẹ̀ níwájú Àpínkẹ́. Èérún awọ pupa ló wà nínú rẹ̀. Àpínkẹ́ kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó wò ó bóyá wọn yóò bára mu.

"Ìbọn dún?"

"Ó dún, Àǹtí."

"Ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni. Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò fọwọ́ kàn án."

Àpínkẹ́ tún fi ẹ̀kẹta sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Wọn kò bára mu. "Ó dára," ó wí, ó sì rọra di gèlè náà. "Lọ jẹun. Ọ̀nà jìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Nínú gbogbo ohun tí Yúnúsà Bákàrè fi ọwọ́ rẹ̀ rán ní Kumasi, awọ yẹn nìkan ni iná kò jó. Kò sí mọ́.