Ìlànà Ìsanwó Tí Mo Kọ Sí Aunty Fọlá

Ìyá mi kì í tajà láwìn. Gbogbo ẹni tó ń ra tòmátò ní Mile 12 ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí Hùmúàní ìyá mi ya ọjà sọ́tọ̀ fún ọ nígbà tí ọkọ̀ bá dé láti Òkè Ọya, wàá san ìdajì owó kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀, wàá sì san ìdajì tó kù kí apẹ̀rẹ̀ tó gun orí alábàárù. Kò sí "mò ń bọ̀," kò sí "ṣebí ẹ mọ̀ mí." Mo ti rí i tó dá ìyàwó ìmáàmù àdúgbò wa padà lọ́wọ́ òfo, tó tún bá a gbé àpò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tó ní kó kí Alfa.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti kọ́ ohun tí mo kọ́. Èmi Nusirat, àwọn oníṣòwò ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láìkúrò nílé. Mo máa ń dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí WhatsApp, mo máa ń to ètò ọjọ́ wọn, mo máa ń kọ lẹ́tà, mo sì máa ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé ẹrù. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ikosi ni ọ́fíìsì mi, kọ̀ǹpútà àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ti kú ni irinṣẹ́ mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní virtual assistant. Ìyá mi ń pè é ní "iṣẹ́ fóònù," bó sì ṣe ń fa ohùn sí i, ẹ ó rò pé ayò ni mò ń ta látàárọ̀.

Aunty Fọlá ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Kì í ṣe ẹbí mi o. Ogudu GRA ló ń gbé, aṣọ ọmọdé ló ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì jẹ́ ẹnu àti etí ṣọ́ọ̀bù náà. Oṣù àkọ́kọ́, ó sanwó kí oṣù tó parí, mo ṣàdúrà fún un. Oṣù kejì, ó ní ọjà dákẹ́. Oṣù kẹta, ó ní òun kò rí mi bí òṣìṣẹ́ mọ́, ọmọ lòun rí mi sí. Oṣù kẹrin, àdúrà gígùn ló fi ohùn rẹ̀ gbà ránṣẹ́ sí mi. Bí àwọn tó ń ta dátà bá ń gba àdúrà ni, mi ò bá ti rà á yó lóṣù yẹn.

Ìyá mi sì ti dá gbèdéke fún mi. Ajarat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tajà lórí ìsọ̀ rẹ̀ kejì, ń lọ sílé ọkọ ní Ìkòròdú. Ìyá mi ní bí ààwẹ̀ bá fi bẹ̀rẹ̀ tí òun kò fojú rí owó iṣẹ́ fóònù yìí, èmi ni màá gba ìsọ̀ náà. Kò jágbe mọ́ mi. Bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà ló ń sọ ọ́, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mi ò kórìíra tòmátò. Òun ló sanwó ilé-ìwé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jí lọ sí Mile 12 ní ìdájí, tó ń pariwo ọjà títí oòrùn fi wọ̀, kò ní rí ojú tàbí ohùn tó máa fi ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ajarat náà ti fẹ́ di aránṣọ rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè gun orí ìsọ̀ yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa wá mú mi lọ sílé ọkọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti fóònù yìí nìkan ni ohun tí mo fọwọ́ ara mi wá láyé yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ni mo bá jókòó, mo kọ ìlànà ìsanwó. Ìyá mi ni mo wò kọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìdajì owó kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì tó kù kí oṣù tó parí. Bí ọjọ́ tí a dá bá kọjá, iṣẹ́ dúró. Gbèsè àtẹ̀yìnwá gbọ́dọ̀ wọlé kí iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi "kindly" há gbogbo ibi tí àyè bá ti yọ, mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sísàlẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Aunty Fọlá. Ó kà á. Kò fèsì.

Ọjọ́ tí mo dá pé, owó kò wọlé. Mo dá iṣẹ́ dúró lóòótọ́. Àwọn oníbàárà ń béèrè bóyá aṣọ yìí wà fún ọmọ ọdún méjì, fóònù ń dún, mo ń wò ó. Inú mi kò dùn sí i, nítorí mo mọ púpọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn lórúkọ. Síbẹ̀, mo rìn gbẹndẹ́kẹ nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n rìn ín, kò kúkú pẹ́ lọ títí.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́, mọ́tò kan fun fèrè níwájú ilé wa. Aunty Fọlá ni. Ó mọ ilé wa nítorí ó ti ní kí wọ́n kó aṣọ wá fún mi rí kí n lè ya fọ́tò wọn. Dírẹ́bà rẹ̀ gbé àpò ìrẹsì kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí mílíìkì lé e, ó gbé ṣúgà àti dàbínù tẹ̀lé e. Aunty Fọlá fúnra rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mummy. Mo ní kí n wá kí yín kí ààwẹ̀ tó wọlé. Nǹkan ìṣínu díẹ̀ ni mo mú wá."

Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ máa ń le koko bí ẹnìkan bá ń tọrọ ẹ̀dínwó, rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ẹ̀yin Onígbàgbọ́ lẹ rántí ààwẹ̀ wa báyìí?" ó ní. "Ọlọ́run á rántí yín sí rere. Á gbé yín ga. Ẹ dìde, ẹ jókòó, Aunty."

"Àmín, Mummy. Ẹjọ́ ni mo tún wá rò o. Ọmọ yín ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó yọ fóònù, ó ka ìlànà mi síta bí ẹni tó ń ka ìròyìn, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ó ní tí mi ò bá sanwó, òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní kí n san gbèsè kí n tó bá òun sọ̀rọ̀." Kò purọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú àpò ìrẹsì yẹn, gbogbo ohun tí mo kọ wá ń dún bí èébú.

"Nusi, ìwọ lo kọ ìyẹn?" ìyá mi bi mí.

"Èmi ni mà, àmọ́..."

"Sí àgbà?"

"Mummy, oṣù mẹ́ta ni wọn ò tíì..."

"Mo ní, sí àgbà, Nusi?"

"Ẹ má bá a wí, Mummy," Aunty Fọlá dá sí i. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́ wọn. I'm not even angry. Ọjà ni ò lọ, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Tọ́wọ́ bá ti dẹ̀, màá ṣe é fún un. Ṣebí ọmọ mi ni."

"Ẹ ṣe kí ni?" ìyá mi ní. "Ẹ ti ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ kó wọlé yìí ju owó lọ. Kò sí gbèsè kankan láàárín yín mọ́. Nusi, kúnlẹ̀, bẹ Aunty ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Aunty Fọlá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nílé wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ìkúnlẹ̀ parí níwájú àgbà, ẹni tó bá tún hú u jáde ti di oníjà. Aunty Fọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò ní Ogudu. Owó ìrẹsì yẹn kò lè san ju oṣù kan lọ fún mi, ṣùgbọ́n ó fi pa oṣù mẹ́ta. Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi, ìyá mi sì rò pé mo ń ronú pìwà dà ni.

Ìyá mi sìn ín dé ìdí mọ́tò. Nígbà tó padà wọlé, mo ti dìde.

"Mummy, ẹ̀yin náà kì í tajà láwìn."

"Tòmátò ni mò ń tà."

"Èmi náà ń ta iṣẹ́ mi."

"Apẹ̀rẹ̀ mélòó lo gbé fún un?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Tí mo bá gbé apẹ̀rẹ̀ fún èèyàn, ojú ibi tó wà á ṣófo. Tí kò bá sanwó, mo ti pàdánù. Ìwọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, o tẹ fóònù, o tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Kí ló wá dín?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ mi ló dín, pé ojú mi ló ń ro mí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ nawọ́ sí kó rí i? Ká ní ìkà ni, mi ò bá bá a jà. Ìyá mi kì í ṣe ìkà, ohun tó rí ló ń sọ.

"Oṣù á yọ lónìí tàbí lọ́la," ó ní. "Owó tó o ní màá fojú rí ńkọ́?"

"Òun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ẹ̀ jì wọ́n yẹn mà."

Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé ó ti yé e. Ó lóṣòó, ó fọwọ́ tẹ àpò ìrẹsì náà wò, ó sì dìde.

"Ìyẹn ti kọjá," ó ní. "Ajarat á kó ẹrù ẹ̀ kúrò lórí ìsọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Wàá bá mi jáde. Tí Aunty bá níṣẹ́ tó fẹ́ kó o ṣe, máa bá wọn ṣe é látorí ìsọ̀. Ṣebí fóònù ni."

Àti Aunty Fọlá àti òun, àwọn méjèèjì ti pín mi láàárín ara wọn, kò sì sí èyí tó bi mí léèrè.

Fóònù mi dún. Aunty Fọlá ni, ó kọ̀wé:

"Nusi dear, mo ti délé. Mummy is so sweet. That your payment policy dáa gan-an o, mi ò parọ́. Jọ̀ọ́, bá mi kọ irú ẹ̀ fún àwọn customer wa. Àwọn tó ń gba aṣọ láìsanwó ti pọ̀ jù. Jẹ́ kó le dáadáa: no payment, no delivery. Mo fẹ́ gbé e síta lónìí."

"Aunty ni?" ìyá mi bi mí.

"Àwọn ni mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"O ò rí i pé wọn ò bínú? Ohun tó o fi bú wọn náà ni wọ́n ní kó o wá fi ṣiṣẹ́ fún wọn. Èèyàn rere ni. Tètè ṣe é kí iná tó lọ."

Mo wọ yàrá, mo tan kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ìlànà tí mo kọ, mo yọ "kindly" kúrò níbi gbogbo tí mo ti há a sí. Mo kọ ọ́ kó le, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo pa nọ́ńbà àkáǹtì mi rẹ́, mo sì kọ ti Aunty Fọlá síbẹ̀.