Púlọ́mbà Tó Wọ Inú Ìwé

Ojú ìyàwó ló kọ́kọ́ lọ. Ogójì ọdún ni obìnrin náà fi ránṣọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Àárín gan-an ni òkùnkùn bà sí. Ó ń rí etí ilẹ̀kùn, kò rí ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń rí igun ìwé, kò rí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé yìí tó ìwé kíkà.

Àkọ́bí wọn, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà tó ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀, ní òun yóò mú ìyá òun lọ sọ́dọ̀ òun. Ibẹ̀ ni bàbá ti fárígá. Púlọ́mbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó nà ró láàárín pálọ̀, ó ní: "Níwọ̀n ìgbà tí ojú tèmi bá ṣì ń ríran, òun náà ń ríran nìyẹn. Kò lọ síbì kankan." Ọmọ ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú bàbá náà bá lọ, òun ń bọ̀ wá gbé ìyá òun nìyẹn. Wọ́n fẹnu kò sí i. Àṣé ojú fúnra rẹ̀ kò sí níbi àdéhùn yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Bàbá Páìpù fi ka ìwé fún ìyàwó rẹ̀ ní tòótọ́, lọ́sọ̀ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ, ojú-ewé kan péré lọ́jọ́, nítorí iṣẹ́ náà kò mọ́ ọn lára. Ìtàn obìnrin kan ni, tó jogún ilé ńlá, tí lọ́yà kan àti dókítà kan sì jọ ń dù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèrà. Ó nu awò ojú rẹ̀, èèrà ń rìn. Ó sún mọ́ fèrèsé, èèrà ń rìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò sí èèrà mọ́, ojú-ewé ti di eérú látòkè délẹ̀.

Kí ni yóò wí? Bó bá jẹ́wọ́, ọmọ á dé, ìyàwó á lọ, á wá ku òun nìkan sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rù èyí bà á ju ẹ̀rù òkùnkùn lọ. Ló bá gbé ìwé náà sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbé e, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn.

Kí ló tún lè wá sí púlọ́mbà lọ́kàn? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, páìpù bẹ́ nínú ilé ńlá náà. Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà tẹ omi, ó yọ̀, ó fi orí sọlẹ̀, ó kú. Lọ́yà kò ṣẹ Bàbá Páìpù o, orúkọ rẹ̀ ló gùn jù láti rántí. Dókítà pa oògùn tì, ó ń rákòrò kiri ilẹ̀ láti wá ibi tí omi ti ń jò, ó sì ń fi ọwọ́ lásán tú ohun tó yẹ kó fi sípánà tú. Nígbà tó di oṣù kẹfà, púlọ́mbà kan wọlé. Arẹwà ni. Ó ga, kò já oníbàárà kulẹ̀ rí, irun orí rẹ̀ sì pé pérépéré, ohun tí a kò lè sọ nípa ẹni tó ń ròyìn rẹ̀.

Ìyàwó a máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó jẹ́ẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń bèèrè bóyá púlọ́mbà ni ẹni tó kọ ìwé náà. Bàbá Páìpù á ní rárá, pé àwọn òǹkọ̀wé kàn máa ń ṣe ìwádìí dáadáa ni.

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n ti wà lórí ìwé kan ṣoṣo yìí nígbà tí ọmọ wọn pè lórí fóònù. Ó ní ilé ìkàwé kan wà tó ń yá àwọn tí kò lè ka ìwé lásán ní ìwé tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń kà á, ọ̀fẹ́ sì ni fífi í ránṣẹ́ lálọ àtàbọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú ìyàwó dùn débi pé ó dìde láìwá ọ̀pá rẹ̀. Ó ní ìwé àkọ́kọ́ tí òun yóò bèèrè ni èyí tí wọ́n ń kà lọ́wọ́, kí òun lè tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ara Bàbá Páìpù bù máṣọ. Lọ́yà tó ti kú láti ọdún kan ń bọ̀ wá jí nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, òtítọ́ ti wọkọ̀. Ó ní nǹkan ọ̀fẹ́ kì í tọ́jọ́. Ó ní ohùn ẹ̀rọ a máa fa etí ríro. Ìyàwó ti ń nu orí tábìlì de ẹ̀rọ náà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni ilé ìkàwé rán wá, kékeré bín-ń-tín, àmọ́ báàgì tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ó gbé ẹ̀rọ àfihàn kan, èyí tí yóò gbé padà, sórí tábìlì: bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi bí ìdérí ìgò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ lábẹ́ ìka. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe afọ́jú nìkan ni iṣẹ́ àwọn wà fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè di ìwé mú wà níbẹ̀, ẹni tí lẹ́tà ń jó lójú rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Páìpù gbójú sókè wo àjà.

"Bàbá," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí, "fọ́ọ̀mù wà níwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa bi màmá ní ìbéèrè inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kọ ìdáhùn, kí n fi wá ibi tí màá ki wáyà yìí bọ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ògiri.

Bàbá Páìpù mú bébà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Wọ́n ní kí lorúkọ rẹ."

Ìyàwó dárúkọ, ó kọ ọ́. Ìyẹn rọrùn, kò sí fọ́ọ̀mù tí kì í bèèrè orúkọ. Ìbéèrè kejì ló wá kù.

"Wọ́n ní páìpù ilé yìí, ti irin ni àbí ti rọ́bà."

Ariwo wáyà dákẹ́ nídìí ògiri.

"Ti irin ni tẹ́lẹ̀," ni ìyàwó dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ló pààrọ̀ ẹ̀ sí rọ́bà."

"Wọ́n ní ṣé o ti bá ará àdúgbò jà rí."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré. Òun ló fà á."

"Wọ́n ní ṣé inú rẹ dùn sí ọkọ rẹ."

Ìyàwó yí orí sí i. "Ìyẹn wà nínú fọ́ọ̀mù láíbìrì?"

"Ìjọba ni," ni Bàbá Páìpù wí. "Kò sóhun tí wọn kì í bèèrè."

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ṣì ń rò ó."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ti dìde. Ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá kì í ṣe fọ́ọ̀mù rárá. Ìwé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì ni, "rọ́bà" sì ti jókòó gàdàgbà sórí àwòrán bátìrì. Fọ́ọ̀mù gan-an ṣì wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó rọra gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú bo bàbá. Ó ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná, ó sì pẹ́ nídìí omi náà ju bí omi ti ń pẹ́ kó tó hó lọ.

Nígbà tó padà dé, bébà méjì ló ń dúró dè é. Ìyàwó ní kó bá wọn fọwọ́ sí i: èyí fún òun, èyí fún ilé. Ọ̀dọ́bìnrin náà bèèrè bóyá kóun kà á fún un. Bàbá Páìpù ní kí ló dé, ṣé òun kò lójú ni? Ó fọwọ́ sí méjèèjì níbi tí ìka ọ̀dọ́bìnrin náà wà.

Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ohùn kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọmọ mi, o ti rí mi. Má sọ fún ọmọ wa. Tó bá gbọ́, á gbé ìyàwó mi lọ." Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun kò ní í sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní màmá kò dití o. Bàbá Páìpù kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé àti ẹ̀rọ tiwọn yóò fi dé. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá Páìpù da tirẹ̀ jù, ilẹ̀ ti di àbàtà. Ó ní láti tún ìtàn náà ṣe kí ẹ̀rọ tó tú u fó. Lọ́jọ́rú, ó jí lọ́yà dìde: ó ní ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ bí ní ìbejì ni wọ́n sin. Lọ́jọ́bọ̀, dókítà padà sídìí oògùn. Ó wá ku púlọ́mbà, ẹni tó yẹ kó kú. Bàbá Páìpù mú un gun òrùlé, ó mú un dé etí táǹkì, kò lè tì í. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbìyànjú. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá a níṣẹ́ sí òkè òkun, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ara rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ń di sípánà sínú àpótí.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyàwó wí.

Ẹrù náà dé lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó ní kó tú u. Ó fọwọ́ wá inú páálí, ó bá ẹ̀rọ kan. Ó tún fọwọ́ wá a, ó bá òmíràn.

"Wọ́n ti ṣì í," ó ní. "Méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́."

"Wọn ò ṣì í. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tiyín. Mo ní èyí fún mi, èyí fún ilé. Ta ló kù nínú ilé yìí lẹ́yìn èmi?"

Bàbá Páìpù wá àga, ó jókòó, ó bèèrè ìgbà tó ti mọ̀. Ìyàwó ní láti ọjọ́ tí páìpù àkọ́kọ́ ti bẹ́ ni. Ó ní òun ti fi ìka wọn ìwé náà bí òun ṣe máa ń wọn aṣọ. Kò nípọn ju ìka kan lọ, oṣù mẹ́rìnlá sì pọ̀ jù fún ìwé oníka kan. Àti pé, etí òun kò gbọ́ ìró ojú-ewé tó ṣí láti ọdún tó kọjá.

Ojú ti bàbá gidigidi. Ohun kan ṣoṣo ló tún rí bèèrè. "Ọmọ ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá gbé ọ?"

"Mo ti pè é," ni ìyàwó wí. "Mo sọ fún un pé ojú yín ti lọ. Mo ní ó yẹ kẹ́nì kan wà nílé tí á máa tọ́jú yín, èmi sì ni. Mo ní kò sẹ́ni tó lè gbé mi kúrò nídìí aláìsàn mi."

Bàbá Páìpù rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ìyàwó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọ bínú díẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó wá ní òun yóò máa wá lọ́sẹ̀ méjì méjì, òun kò sì fẹ́ bá bàbá òun lórí àkàbà mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbọ́ ojúlówó ìwé náà. Ohùn tó ń kà á dùn, kò kọsẹ̀, ibi tó yẹ ló ti ń mí. Lọ́yà kò kú rárá, òun ló tilẹ̀ fẹ́ obìnrin náà nígbẹ̀yìn. Páìpù kankan kò bẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dárúkọ omi, òjò sì ni.

Nígbà tó parí, ìyàwó fọwọ́ wá bọ́tìnnì, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó dá ọwọ́ padà sórí itan.

"Ọkùnrin yẹn tó lọ sí òkè òkun," ó ní. "Ṣé ó padà?"

Bàbá Páìpù na ọwọ́ láti mú ìwé lórí tábìlì. Ó rántí, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ó padà," ó ní. "Inú òjò ló padà dé, tòun ti àpótí sípánà. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn, omi ti dé orókùn nínú ilé."

Ìyàwó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀.

"Ìbéèrè ìjọba yẹn tí mo ní mo ṣì ń rò," ó ní, "ẹ bá mi kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa kà á lọ."