Sìmẹ́ǹtì Ara Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ojú Kristófà Mímọ́ tí wọ́n yà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa já bọ́ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ń kọ orin kejì lọ́wọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tó ti ń gbé Ọmọ Jésù sọdá odò níbẹ̀, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i, kí ikú òjijì má pa á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọba kan láyé àtijọ́ ní kí wọ́n pa àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́, àwọn baba ńlá wa kùn ún ní ẹfun bò ó mọ́lẹ̀ ni. Kò kú; wọ́n há ẹfun náà kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó yá. Ọwọ́ tèmi ló kú sí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ayàwòrán ilé dé, ó fi òòlù kan ògiri láti ìta, ó wọlé bá wa.

"Ta ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri yìí? Ẹfun sísun ni wọ́n fi mọ ọ́n, kó lè máa mí. Ẹ ti dí i nímú! Omi ò rọ́nà gba ìta, ló bá ń gba inú jáde."

"Iṣẹ́ Horace Gedge ni," ni Àlùfáà wí.

Percy, ọmọ ìjọ wa kan, bú sẹ́rìn-ín. "Gedge tó ní kò sẹ́ni tó mọ òkúta bí òun!"

Horace ni ọ̀gá mi, ó ti kú. Ẹ̀yìn ríro ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tí a rẹ́ ògiri náà, tó fi ní kí n po ẹfun, kí n fara balẹ̀. Èmi òmùgọ̀ ń kánjú, mo lo sìmẹ́ǹtì.

Enid, ìyàwó rẹ̀, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọkọ mi." Ó bẹ Àlùfáà, ó bẹ obìnrin náà, ó tún bẹ Percy. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ń ṣa èérún ojú Kristófà sínú ìborùn rẹ̀. Èmi ń wo bàtà mi.

Nígbà tó jáde, mo sáré tẹ̀ lé e. Ìtìjú fẹ́ pa mí.

"Enid, èmi ni. Horace ò mọ̀ sí i."

"Mo mọ̀, Reuben. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó rí i. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé wàá fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

"Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Mo ń fún ọ láyè kí o lè jẹ́wọ́ ni. Ẹni mẹ́ta ni mo bẹ̀."

Ó ń lọ. Àwọn yòókù ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín Percy. Mo padà lọ jẹ́wọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò sójú kankan lára ògiri mọ́ tó lè wò mí, síbẹ̀ n kò lè gbé orí sókè.