Ọta Mẹ́ta, Irin Funfun Kan

4.

…ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ohun tí Arvid Hegna máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tó bá fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ wá jókòó sẹ́yìn òun. Ó ti kú báyìí. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró ní oṣù kọkànlá, nígbà tí yìnyín ti bo pápá àlìkámà. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀: Thane, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, àti Marlys, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó fi ọdún méjì tẹ̀lé e.

Ó fi ìbọn gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Àádọ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbọn kò ṣeé pín.


5. ÌWÉ TÍ WỌ́N BÁ NÍNÚ BÍBÉLÌ RẸ̀

"Mi ò fẹ́ ìjà. Ní Sátidé kẹta oṣù kẹfà, ní pápá ìyìnbọn Bellrock, kí Marlys yin Àádọ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí àmì irin funfun tó wà ní ìwọ̀n máìlì kan. Bí ọta kan ṣoṣo bá bà á, òun ló ni ìbọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàsé, Thane ló ni ín, kó fi ṣe ohun tó bá wù ú. Kí Marlys má yìn ín kọjá ọgọ́rùn-ún yáàdì ṣáájú ọjọ́ náà. Àṣà wa ni: a kì í fi ìbọn olóògbé dánra wò lọ́nà jíjìn. A.H."


6.

Thane ti sọ ohun tó wù ú fún gbogbo ẹni tó ń mu kọfí ní Bellrock. Yóò fi ayùn gé ọ̀pá ìbọn náà sí mẹ́ta. Ọ̀kan yóò di òpó àpótí lẹ́tà. Méjì tó kù, kí ìpẹtà jẹ wọ́n.


7. BÉBÀ TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ TÁBÌLÌ IṢẸ́ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ BÀBÁ WỌN, NÍBI TÍ THANE TI Ń TÚN KATAKATA ṢE

Marlys: Má fọwọ́ kan òṣùwọ̀n ẹ̀tù mi.

Thane: Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni.

Marlys: Bàbá wa.

Thane: Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Marlys: Ta ló gbé fáìsì tí mo fi ń de ìbọn?

Thane: Béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ.


8.

Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ìbọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Marlys fúnra rẹ̀. Ó tú u palẹ̀. Ó fọ inú ọ̀pá rẹ̀ títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Ó gbé ọ̀pá padà sórí igi ìdí rẹ̀, ó wá ya bébà kan nínú ìwé ìlànà ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó fi í bọ abẹ́ ọ̀pá láti ẹnu dé ọrùn. Bébà gbọ́dọ̀ kọjá láìhá síbì kankan, nítorí ọ̀pá tó bá fara kan igi kò ní kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bébà há. Ó ha igi. Bébà tún há. Ó tún ha á.

Lẹ́yìn náà ló kan ọta. Ó ń wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n tí èémí lásán lè dà láàmú. Ó ki ọta kan wọlé nínú ilé idẹ rẹ̀, ó yìn ín. Ó fa òmíràn síta ní ìwọ̀n irun orí kan, ó yìn ín. Ìbọn náà gbá a léjìká títí ẹran ibẹ̀ fi di àwọ̀ ẹ̀gúsí tó jóná. Ihò mẹ́ta tó wà lára bébà tó ń yìnbọn sí ń sún mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá.

Bí ọmọ ìyá àwọn ẹlòmíràn.

Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fa ìbọn ló ń gbàdúrà kan ṣoṣo: Olúwa, má jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ẹni tó ń retí ìtìjú mi.


9. NÍNÚ ÌWÉ MARLYS

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin. Awò orí ìbọn bàbá wọ́. Mo de ìbọn mọ́ fáìsì, mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé e títí ó fi dúró gbọọrọ. Mo yọjú wo inú awò: àgbélébùú dúdú inú rẹ̀ fì sí ọ̀tún bí ẹni tó ti mutí yó. Ojú ti ń ṣe bàbá nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kò sì sọ fún mi. Ó dùn mí. Mo tú ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó de awò mọ́ ìbọn. Mo nà án tọ́. Mo dè é padà. Mo ti ṣe é fún un."


10. LÁBẸ́ ÌYẸN, BÁÍRÒ PUPA

Àádọ́ta, ọmọ irin tí kì í sùn ní Bellrock.
Asọ̀rọ̀-lẹ́ẹ̀kan-kí-òkè-mẹ́ta-dáhùn.
Ó bú níhìn-ín, màlúù gbé orí sókè lọ́hùn-ún.
Agbáni-léjìká-bí-àna-tó-ń-kíni.
Arvid fọwọ́ kàn ọ́, o jẹ́ ẹ.
Jẹ́ mi.


11.

[A ti fi yíǹkì bo apá yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló hàn: "ẹ̀gbọ́n".]


12. BÉBÀ MÌÍRÀN LÓRÍ TÁBÌLÌ

Marlys: Ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ihò mẹ́ta, bọ́tìnì kóòtù kan bo gbogbo wọn. Wò ó lára ògiri.

Thane: O ti na awò yẹn.

Marlys: Mo ti nà án.

Thane: Ó dáa.


13. A GÉ E NÍNÚ ÌWÉ ÌRÒYÌN, ỌDÚN MỌ́KÀNLÁ SẸ́YÌN

"Nínú àwòrán: Ọ̀gbẹ́ni Arvid Hegna àti ọmọ rẹ̀ Marlys, lẹ́yìn tí ọta márùn-ún wọn ba irin funfun láìtàsé kan."

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn, tó ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún wọn ní ọjọ́ náà, àti ní ogún ọdún tó ṣáájú rẹ̀, kò sí nínú àwòrán. Apá rẹ̀ kan hàn létí bébà. Láti ọjọ́ náà ni Thane kò ti dé ẹ̀yìn ìbọn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Marlys kò ti pè é ní ẹ̀gbọ́n.


14. PÁTÁKÓ ẸNU ÀBÁWỌLÉ. ÌLÀNÀ FÚN ÌBỌN OLÓÒGBÉ

Ọta mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Adájọ́ kò ní sọ ju "Ó bà á" tàbí "Kò bà á" lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sẹ́yìn ayìnbọn kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ayìnbọn ló ń pè é. ẸNI TÍ A KÒ PÈ, KÓ PA ẸNU RẸ̀ MỌ́.

Ẹ so ajá yín.


15. OHÙN TÓ WỌNÚ GBOHÙNGBOHÙN KÍ WỌ́N TÓ PA Á

Orval Teske ni adájọ́. Ó ti gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè, fún òjò, àti fún ọkàn Arvid. Lẹ́yìn àmín:

ORVAL: Ta ló máa jókòó sẹ́yìn ẹ, Marlys?

MARLYS: Kò sẹ́nì kankan.

ORVAL: Ẹ̀gbọ́n ẹ nìyẹn lórí àga, pẹ̀lú awọ̀nàjíjìn.

MARLYS: Mo rí i.

THANE: Fi í sílẹ̀ jàre, Orval. Ọmọ bàbá ni. Ọmọ bàbá kì í béèrè ọ̀nà.

MARLYS: Ayùn ẹ ńkọ́?

THANE: Ó wà nínú ọkọ̀. Mo ti fi eyín tuntun sí i.


16.

Ìwé tí bàbá máa ń kọ ìṣirò ìyìnbọn sí ní kí a yí orí awò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọta lè dé máìlì kan. Marlys yí i. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ó fi pé àádọ́jọ. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Irin funfun inú awò kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ.

Ó fà á.

Eruku bo ojú rẹ̀. Ó kà dé mẹ́ta.

ORVAL: Kò bà á.


17. OHUN TÓ LÈ JẸ́

Ooru ti mú ẹ̀tù.
Ọwọ́ mi.
Afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́.
Ẹni tó ń wo ìpàkọ́ mi.


18.

Nínú gbogbo wọn, ó mú afẹ́fẹ́. Àsíá tí wọ́n fi ń mọ afẹ́fẹ́, èyí tó sún mọ́ ọn jù, fì sí ọ̀tún, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ló gbé ọta lọ sí ọ̀tún. Ó sún ojú ìbọn sí òsì. Ó fà á.

ORVAL: Kò bà á. Ó ku ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Kì í ṣe Thane.


19. LÁTI ORÍ ÀGA

Thane rí i. Ọta àkọ́kọ́ jábọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí òsì irin. Èkejì ní méje. Òsì, kì í ṣe ọ̀tún.

Kò tiẹ̀ nílò awọ̀nàjíjìn. Ó ti rí i kí Marlys tó fà á rárá: ìpàkọ́ rẹ̀ dúró gbagidi, kò tẹ̀ bá ìbọn, ìbọn ló fì sí òsì wá bá a. Ọrùn Arvid gan-an nìyẹn. Ẹṣin ló gbé Arvid ṣubú nígbà tí Thane àti Marlys wà lọ́mọdé, ọrùn rẹ̀ sì gan bí igi. Láti ìgbà náà ló ti ń fa ìbọn dẹ̀gbẹ́ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nítorí náà ló ṣe mọ̀ọ́mọ̀ yí awò sí ọ̀tún, kí àgbélébùú lè dúró ṣánṣán nígbà tí ìbọn bá dẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Marlys dùbúlẹ̀ sí láti ọmọ ọdún méjìlá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọrùn gígan. Ó kàn mú un, bí a ti ń mú ohùn ìyá ẹni.

Ó na awò tọ́. Kò na ara rẹ̀.

Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, kò sí ìyàtọ̀. Ní máìlì kan, gbogbo kẹ́ orí awò tó yẹ kó gbé ọta sókè ń tì í sí òsì díẹ̀díẹ̀, nítorí ìbọn dẹ̀gbẹ́.


20. ÌWÉ KAN NÍNÚ ÀPÒ ṢẸ́Ẹ̀TÌ THANE. OṢÙ MÉJE LÓ TI FI Ń GBÉ E KIRI

"Thane. Marlys á na awò yẹn tọ́, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ti nà án, sọ̀rọ̀ ọrùn mi fún un. Ìwọ nìkan lo ti rí i láti ẹ̀yìn. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ rí. A.H."

Ó ti ka ìwé náà títí ojú ibi tí a ká a fi ya. Ó wá ọpẹ́ náà nínú rẹ̀. Kò rí i. Ìròyìn pé kò sí ọpẹ́ ló wà níbẹ̀.


21.

ORVAL: Ìṣẹ́jú méjì.


22.

Marlys ti ọta kẹta wọlé. Àsíá sinmi. Irin funfun sinmi. Kò sí afẹ́fẹ́ tí a lè di ẹ̀bi rù mọ́.

Ó gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó wà lẹ́yìn òun tí òun lè rí, bó ti wù kí awò náà lágbára tó. Ó gbé ìgúnpá rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀. Ó yíjú padà, gbogbo èjìká rẹ̀ bá ojú yí, nítorí ọrùn náà kò lè dá yí.

THANE: Kí lò ń wò?

MARLYS: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jókòó sẹ́yìn mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.