Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Kóòṣì Béèrè

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfaradà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú wa la ìgbà yìnyín já, tí màlúù kankan kò kú, tó jẹ́ pé páìpù omi kan ṣoṣo ló bẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Maren ọmọ mi ṣe dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ lè bá mi yin Olúwa, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní Minnesota tiwa níbí, a kì í gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ wá. Bí wọ́n bá ní kí o mu kọfí, o ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Bí wọ́n bá tún un sọ, o ó ní kò pọn dandan. Ìgbà kẹta ni o ó tó sọ pé, "Ó dáa, bó bá jẹ́ pé ó ti wà nílẹ̀." Bí wọ́n ṣe tọ́ Arne ọkọ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe tọ́ Maren.

Maren ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ilé tí a ti ń fún wàrà. Láti kékeré ló ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ara abà. Àwọn yunifásítì ńlá tó ń tìtorí bọ́ọ̀lù fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò mọ̀ pé a wà láyé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ló pè wá, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ọmọ náà sì wà. Ó máa ń wo eré wọn lórí fóònù bó ṣe ń fún wàrà, títí àwọn màlúù fi mọ ohùn kóòṣì wọn. Kò gbàdúrà fún ohun mìíràn lọ́dún yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kóòṣì náà wá. Ruffolo lorúkọ rẹ̀, obìnrin kúkúrú tí ara rẹ̀ yá gágá. New Jersey ni wọ́n ti bí i, ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa sì nìyẹn.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa mu kọfí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi wàrà sí i."

Borghild, ìyá ọkọ mi, yíjú wò mí. Nígbà tó sì ku kéèkì kan ṣoṣo nínú àwo, èyí tí àwa máa ń gé sí méjì, tí a tún ń gé ìlàjì yẹn sí méjì, títí yóò fi ku èérún tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, kóòṣì mú un lódindi, ó sì jẹ ẹ́. Borghild pa ojú dé bí ẹni ń gbàdúrà.

Kóòṣì nu ẹnu, ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Kvamme, mi ò ní tàn yín. A kì í tìtorí bọ́ọ̀lù fún ọmọ kankan lówó. Ilé ìwé máa wo èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tìtorí ìyẹn dín owó ilé ìwé kù fún un, èmi ò lọ́wọ́ sí i. Àyè nínú ẹgbẹ́ mi nìkan ni mo ní. Maren, ṣé o máa wá?"

Maren la ẹnu. Mo rí "bẹ́ẹ̀ ni" tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé sáré ṣáájú rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí tèmi."

Arne ní, "Àwọn tó dáa jù ú lọ pọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga."

Borghild ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi."

Kóòṣì wò wá yí ká. Ó ní, "Ó yé mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ òótọ́." Ó dìde, ó wọ kóòtù. A rò pé ó ń sinmi ni kó tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. A sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwa ti máa ń dúró sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Ó ní ó dàbọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Borghild ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè. Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ èyí?"

Omi ti ń bọ́ lójú Maren. Mo ní, "Pè é lórí fóònù."

"Kí n pè é kí n sọ kí ni, Mọ́mì? Pé mo fẹ́ ẹ?" Ẹ ó rò pé mo ní kó lọ jalè.

Arne tó dúró lójú fèrèsé ní, "Ó gba apá ibi tí kòtò wà." Ó nu gíláàsì. "Ó ti kó sí i."

Olúwa tó rán ẹja sí Jónà kò gbàgbé wa. Arne ti wọ bàtà kí n tó rí jákẹ́ẹ̀tì mi. A wa katakata jáde, Maren so ṣéènì, ọkọ̀ jáde nínú yìnyín. Kóòṣì ní òun fẹ́ san owó epo. Arne ní, "Rárá o." Kóòṣì dá owó padà sápò lójú ẹsẹ̀, ojú Arne sì fà ro díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Borghild dé, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó kan fèrèsé ọkọ̀ náà.

"Ọmọ mi, béèrè lẹ́ẹ̀kejì."

"Kí ni kí n béèrè, Màmá?"

"Ohun tí o béèrè nínú ilé. Olúwa wa pàápàá bi Pétérù léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ta wá ni ìwọ, tí o fi béèrè lẹ́ẹ̀kan tí o sì wakọ̀ lọ?"

Kóòṣì wò ó, ó wo Maren tó di ṣéènì mú nínú òtútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Maren, ṣé o máa wá?"

"Bí kò bá ní jẹ́ wàhálà fún..." Ọmọ náà dúró. Ó ju ṣéènì sílẹ̀. "Ẹ má béèrè mọ́, mà. Mo fẹ́ ẹ. Mo ń bọ̀."

Arne yíjú sí katakata bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ bọ́ra síhòòhò ní gbangba.

Borghild ní, "Ó ti di ará New Jersey."

A mú kóòṣì padà wọlé kí ara rẹ̀ lè móoru. Mo gbé ẹran lílọ̀ àti ànàmọ́ yíyan jáde. Borghild ní kó jẹun. Kóòṣì rántí ẹ̀kọ́ tuntun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá."

Borghild ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì gbé àwo náà padà sínú ààrò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo èsì ẹ̀kọ́ Maren, wọ́n sì dín owó ilé ìwé kù fún un. Orí bẹ́ǹṣì àwọn tí kò tíì wọlé ṣeré ló sábà ń jókòó báyìí, ó sì ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ire tó bá kan ilẹ̀kùn yín kò ní ré yín kọjá. Bó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan tó sì yí padà, Olúwa yóò fi kòtò dá a dúró dè yín, yóò sì fún yín ní ẹnu tí ẹ ó fi sọ pé, "Mo fẹ́ ẹ." Àmín.