Làálì Lára Aṣọ Akọrin

Ìwọ tó ń kà á, má kà á sókè o. Ògiri létí, ọ̀rọ̀ yìí sì lè tú ilé onílé ká.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́sáláṣí yọ igi síra wọn, ìyàwó alápatà sá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, làálì tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni aránṣọ ì bá ṣe? Ó ti híjàábù rẹ̀ sábẹ́ máṣíìnì, ó gbé aṣọ funfun tó ń rán fún àwọn akọrin wọ̀ ọ́, ó fà á lọ́wọ́ jáde. Àwọn onígi dúró lójú ọ̀nà. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó alápatà ò mọ orin, ó kàn ń la ẹnu bí ẹja.

"Ẹ máa lọ, tiwa ni yín," làwọn onígi wí.

Aránṣọ fọ aṣọ náà títí, làálì ò kúrò. Akọrin tó wá gba aṣọ rí i, ó pariwo pé obìnrin mùsùlùmí ti wọ̀ ọ́.

Ni wọ́n bá pèpàdé sí ilé ìwé. Ìpàdé àlàáfíà ni wọ́n pè é o! Wọn ò bèèrè ẹni tó dáná sunlé. Wọn ò bèèrè òkú. Aṣọ ni!

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì na aṣọ náà sókè. "Ta ló fi làálì ba aṣọ mímọ́ yìí jẹ́?"

Alápatà fò dìde. "Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n! Obìnrin wo ló ta ẹ̀sìn nítorí ẹ̀mí? Bó bá jẹ́ tèmi ni, kò ní sùn nílé mi mọ́!"

"Ẹ ò rí i, ẹ̀yin méjèèjì ti rẹ́," ìyá arúgbó kan wí lẹ́yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó alápatà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó kó ọwọ́ sábẹ́ híjàábù. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún un. Aránṣọ yára gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀lé ojú òun. Inú bí i, ó dìde.

"Alàgbà, àwọn ọmọ yín ló di igi mú. Ṣé ẹ bi wọ́n? Alápatà, ká ní òkú obìnrin náà ni wọ́n gbé wá sí mọ́sáláṣí yín ńkọ́? Ṣé ìyẹn ló tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Dárúkọ rẹ̀!" Ẹnu méjì, ohùn kan. "Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ wá fún ọ mọ́, àtàwa àtàwọn!"

"Ẹ gbé aṣọ yín. Èèyàn ló wọ̀ ọ́. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."

Wọ́n bi í, wọ́n tún bi í. Ó jókòó, ó panu mọ́.